Ìdìbò Abẹ́lé ní Texas: Kí Ló Wà Nísàlẹ̀ Orúkọ Olùdíje Ààrẹ?

Bí ọdún ìbò ààrẹ bá ti dé ní Amẹ́ríkà, orúkọ méjì tàbí mẹ́ta ni ìròyìn máa ń tẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2024, ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé ní Texas, ìwé ìbò tí wọ́n gbé lé èèyàn lọ́wọ́ ní Houston, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fìdí kalẹ̀ sí, gùn débi pé orúkọ àwọn tó ń du ipò ààrẹ kò ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yẹn la fẹ́ tú sílẹ̀ níbí.

Ṣé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe ìdìbò abẹ́lé ti ààrẹ àti ti ìpínlẹ̀?

Ní Texas, bẹ́ẹ̀ ni. Kì í rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní New York lọ́dún yẹn, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ni ti ààrẹ, ó di ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà kí wọ́n tó ṣe ti àwọn aṣòfin. Ní Texas, lẹ́yìn ààrẹ ni sẹnétọ̀ ìjọba àpapọ̀, àwọn aṣòfin, àwọn adájọ́ oríṣiríṣi, ṣẹ́ríìfù, kọ́ńsítébù, títí dé alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Ipò kan tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà ni Railroad Commissioner. Orúkọ nìkan ló kù níbẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì ni àjọ náà ń bójú tó, kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin mọ́.

Ṣé ó di dandan kí n ní káàdì ẹgbẹ́?

Rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ló péjọ sí Abuja ní oṣù Kẹfà 2022 láti fa Bola Tinubu kalẹ̀ fún APC, ọmọ ẹgbẹ́ lásán kò rí ìbò dì. Ní Texas, fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kò tilẹ̀ béèrè ẹgbẹ́ yín. Bí ẹ bá dé ibùdó ìdìbò, ẹ ó sọ fún òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí tábìlì bóyá ti Republican lẹ fẹ́ tàbí ti Democrat. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ lè mú. Bí ẹ bá dìbò nínú méjèèjì, ẹ ti rú òfin.

Kí ló máa ń dá àwọn èèyàn padà ní ibùdó ìdìbò?

Ìforúkọsílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti wọlé ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìbò. Fún ti 2024, ọjọ́ 5 oṣù Kejì ni ó parí. Ọ̀pọ̀ máa ń kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí káúńtì yín. Àwọn tó ń tún láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè gba ibẹ̀ forúkọ sílẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá sì kó kúrò ní káúńtì kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni káàdì ìdánimọ̀. Láísẹ́ǹsì Texas, pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, tàbí ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú tó ní fọ́tò wà lára èyí tí wọ́n ń gbà. Fún ẹni ọdún 18 sí 69, kò burú bí ó bá ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, bí kò bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò wúlò níbẹ̀ rárá.

Ṣebí oṣù Kọkànlá ni ìbò gan-an. Kí ni mo ń wá ní ti oṣù Kẹta?

Láti 1994, kò sí Democrat kankan tó tíì wọlé sípò tí gbogbo Texas jọ ń dìbò yàn. Ẹni tó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì Republican sí irú ipò bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí àga kí oṣù Kọkànlá tó dé. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 tó forúkọ sílẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.3 ló dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé ti oṣù Kẹta 2024. Àwọn wọ̀nyí ló bá ìyókù yàn.

Ẹ wo ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ náà fún ẹ̀sùn ọ̀daràn. Ní oṣù Kejìlá 2021, mẹ́jọ nínú adájọ́ mẹ́sàn-án ibẹ̀ dájọ́ pé agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, Ken Paxton, kò ní àṣẹ láti dá gbé ẹjọ́ ọ̀ràn ìbò lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ náà ká Paxton lára. Nígbà tí sáà mẹ́ta nínú wọn pé ní 2024, ìyẹn Sharon Keller, Barbara Hervey àti Michelle Slaughter, ó polongo ìbò takò wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fìdí rẹmi. Láti 2001 ni Keller ti jẹ́ olórí ilé ẹjọ́ náà kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ rẹmi. Ọ̀pọ̀ tó dìbò lọ́jọ́ náà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ yìí ló ń sọ̀rọ̀ ìkẹyìn ní Texas lórí ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé náà ńkọ́? Gómìnà Greg Abbott fẹ́ kí ìjọba máa fún òbí lówó tí wọ́n lè fi san owó ilé ìwé aládàáni. Ní oṣù Kọkànlá 2023, aṣòfin Republican 21 bá àwọn Democrat lẹ̀dí àpò pọ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àbá òfin, 84 sí 63. Abbott wá ń ti àwọn tó dìde láti bá ọ̀pọ̀ nínú wọn dupò lẹ́yìn. Nígbà tí ìdìbò abẹ́lé 2024 fi parí, aṣòfin Republican 15 tó wà lórí àga ti pàdánù tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tó tako owó náà sì wà lára wọn. Ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 2025 ni Abbott buwọ́ lu òfin náà, bílíọ̀nù kan dọ́là. Òbí tó ń béèrè ibi tí owó yẹn ti wá, ìdìbò abẹ́lé ni.

Ìròyìn ní olùdíje kan ló ṣíwájú. Ṣé ó ti wọlé nìyẹn?

Àfi tó bá kọjá ìdajì ìbò. Bí kò bá sí ẹni tó kọjá á, àwọn méjì tó ṣíwájú ni yóò tún pàdé nínú àtúndì ìbò, èyí tó bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ní 2024. Ti ààrẹ nìkan ni kò ní àtúndì, nítorí aṣojú tí yóò lọ sí àpéjọ ẹgbẹ́ láti fa olùdíje kalẹ̀ ni wọ́n ń fi ìbò náà pín.

Dade Phelan, Abẹnugan ilé aṣòfin nígbà náà, mọ ìtumọ̀ èyí dáadáa. Ilé tó ń darí ló dìbò fẹ̀sùn kan Paxton láti yọ ọ́ nípò ní oṣù Karùn-ún 2023, kí ilé ìgbìmọ̀ àgbà tó dá a láre ní oṣù Kẹsàn-án. Paxton àti Trump wá ti David Covey lẹ́yìn láti gba ìjókòó rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, Covey ló ṣíwájú. Ní oṣù Karùn-ún, Phelan fi ìbò tí kò tó 400 borí rẹ̀. Èèyàn díẹ̀ ló máa ń jáde fún àtúndì, ìdí nìyẹn tí àwọn aráàdúgbò mélòó kan fi lè yí i.

Mo dìbò ní ti Republican ní oṣù Kẹta. Ṣé mo lè bọ́ sí ti Democrat nínú àtúndì?

Kò ṣeé ṣe. Ibi tí ẹ dì sí ní oṣù Kẹta lẹ ó dúró sí. Ẹni tí kò dìbò rárá ní oṣù Kẹta lè mú èyí tó wù ú. Tó bá di oṣù Kọkànlá, kò sí ohun tó so yín mọ́ ẹgbẹ́ kankan.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ rántí gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn?

Ẹ wo àpẹẹrẹ ìwé ìbò yín lórí ìkànnì káúńtì, kí ẹ sì kọ àwọn tí ẹ fẹ́ sórí bébà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù, wọn kì í jẹ́ kéèyàn lò ó nínú iyàrá ìdìbò. Bébà kò léèwọ̀.

Green card ni mo ní. Ṣé mo lè dìbò ti ṣẹ́ríìfù, níwọ̀n bó ti jẹ́ ti àdúgbò?

Rárá o, ìbáà jẹ́ ti ṣẹ́ríìfù, ìbáà jẹ́ ti alága wọ́ọ̀dù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ fún yín ní ọjà tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má buwọ́ lù ú. Àpótí kan wà nínú rẹ̀ tó ń béèrè bóyá ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni yín. Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tí kì í sì í ṣe ọmọ ìlú lè dèrò ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì lè lé e kúrò nílùú, kódà bó bá sọ pé òun ò mọ̀.