Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Jù Sílẹ̀ Ló Sọ Concerto Di Ńlá

Orin concerto, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń lé tí odindi ọ́kẹ́sírà sì ń gbè é, ìlú àwọn ará Ítálì ló ti ṣẹ̀. Giuseppe Torelli, tó ń ta violin ní ṣọ́ọ̀ṣì San Petronio ní Bologna, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ là á sílẹ̀. Nínú ìwé orin rẹ̀ ti ọdún 1698, violin kan ṣoṣo a máa yọ lẹ́gbẹ́ láwọn ibì kan.

Ṣùgbọ́n ìlú Venice ni orin yìí ti gbó. Ilé kan wà níbẹ̀, Ospedale della Pietà, tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí òbí wọ́n jù sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ lórin, ẹ̀yìn asẹ́ irin ni wọ́n sì máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń ṣeré, kí èrò má bàa rí ojú wọn. Lọ́dún 1703, àlùfáà Antonio Vivaldi di olùkọ́ violin wọn. Orúkọ olùkọ́ yìí ni gbogbo ayé ń pè, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ náà ló gbé orin rẹ̀ jáde. Anna Maria wà lára wọn. Ìkókó ni wọ́n gbé e débẹ̀, kò ní orúkọ bàbá kankan, síbẹ̀ Vivaldi kọ ọ̀pọ̀ concerto fún un. Lọ́dún 1723, àwọn alákòóso ilé náà bá Vivaldi ṣàdéhùn concerto méjì lóṣooṣù.

Ègbè ló ń ṣáájú nínú àwọn concerto wọ̀nyí. Gbogbo ọ́kẹ́sírà a kọ ọ́ tán, a rọlẹ̀. Ẹni tó ń lé a wá bọ́ síta, a dárà bó ṣe wù ú. Kó tó pẹ́ jù, ègbè a tún dé, nígbà mìíràn ààbọ̀ rẹ̀ péré, lórí ohùn tó yàtọ̀. Apá mẹ́ta ló sábà máa ń ní: èyí tó yá, èyí tó rọra, èyí tó tún yá.

Lọ́dún 1711, wọ́n tẹ concerto 12 tí Vivaldi kọ jáde ní Amsterdam. Orin náà dé Jámánì, Johann Sebastian Bach, tó ń kọ orin níbẹ̀, sì jókòó tì í ní ìlú Weimar, ó tún mélòó kan kọ fún dùùrù. Títí dìgbà yẹn, ẹ̀yìn ni harpsichord, irú dùùrù àtijọ́ kan, máa ń wà nínú concerto, tí yóò kàn máa gbè àwọn yòókù. Nínú concerto karùn-ún lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Brandenburg, tó wà nínú ìwé orin tí Bach fi ránṣẹ́ sí ìjòyè Brandenburg kan lọ́dún 1721, ó fà á síwájú. Nígbà tí apá kìíní ń parí lọ, gbogbo wọn dákẹ́, harpsichord nìkan ló sì ń ké fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà yìí ni Mozart tọ̀ lẹ́yìn náà ní Vienna, tó fi ń kọ concerto piano, tó sì ń jókòó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.