Neuroergonomics: ìmọ̀ nípa ọpọlọ lẹ́nu iṣẹ́

Neuroergonomics ni orúkọ ẹ̀ka ìmọ̀ tí ń wo ọpọlọ ènìyàn nígbà tí olúwarẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, kí a lè fi ohun tí a bá rí ṣètò irinṣẹ́, ibi iṣẹ́ àti àkókò ìsinmi lọ́nà tí yóò bá agbára òṣìṣẹ́ mu. Raja Parasuraman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà, tí ó kú ní ọdún 2015, ni ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ergonomics tí ó ṣáájú rẹ̀ mọ bí a ti ń wọn gíga àga àti ibi tí ọwọ́ lè nà dé. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti di ti orí, bíbi òṣìṣẹ́ léèrè àti kíka àṣìṣe rẹ̀ ni ó sábà máa ń gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí kò tó, nítorí pé ẹni tí àárẹ̀ ti mú lè má tètè mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe kan ṣoṣo lè pa ènìyàn.

Iṣẹ́ ìṣọ́ ni ó fi ìwúlò ẹ̀ka yìí hàn jù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi rádà wá ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá a máa jẹ́ kí àmì bọ́ mọ́ wọn lójú bí wọ́n bá ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Norman Mackworth, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ènìyàn, fi ọwọ́ aago kan tí ń fò díẹ̀díẹ̀ dán ọ̀rọ̀ náà wò: fún wákàtí 2, ẹni tí ń wò ó ní láti dá ìgbà tí ó bá fo ìlọ́po méjì mọ̀. Àbájáde tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1948 fi hàn pé lẹ́yìn ìlàjì wákàtí àkọ́kọ́, iye tí wọ́n ń rí ti dín kù gan-an. Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi rò pé ìrọ̀rùn iṣẹ́ náà ló ń mú ọpọlọ tòògbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Parasuraman, Joel Warm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára tó nínú ọpọlọ, wọ́n rí i pé ìyára náà ń lọ sílẹ̀ bí àmì tí òṣìṣẹ́ ń rí ṣe ń dín kù. Bí ẹni náà bá sì kàn ń wo ojú ẹ̀rọ láìní ohun tí yóò ṣọ́, kò lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni ìṣọ́ ń fún ọpọlọ ṣe, bí ẹni tí ń ṣe é tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́.

Irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò jù ni EEG, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń gba iná ọpọlọ láti orí awọ orí, èyí tí Hans Berger kọ́kọ́ fi gba ìgbì iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1924. Ó yára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú ojú lásán lè da àmì rẹ̀ rú. Òmíràn, fNIRS, ń tan ìmọ́lẹ̀ gba agbárí kọjá láti mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó. Àmì rẹ̀ máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀rọ MRI, tí ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ọpọlọ, ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí ènìyàn dùbúlẹ̀ láìmira, nítorí náà kò lè bá awakọ̀ lọ sójú títì.

Bí iṣẹ́ bá ń wúwo sí i, ìgbì theta, ọ̀kan nínú àwọn ìgbì iná ọpọlọ tí EEG ń gbà, sábà máa ń ga níwájú orí, ti alpha, irú ìgbì mìíràn, a sì máa dín kù lẹ́yìn orí. Àmì irú èyí ni àwọn olùwádìí ń lò láti ṣe ẹ̀rọ tí ń gba apá kan iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá kún jù, tí yóò sì dá a padà fún un lẹ́yìn náà. Ìṣòro kan ni pé àmì yìí yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ ti olúkúlùkù. Èyí tí ó ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti ẹ̀tọ́: ẹni tí a wọn ọpọlọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní láti mọ ẹni tí yóò rí àbájáde náà, àti bóyá ọ̀gá rẹ̀ lè tìtorí rẹ̀ lé e lọ.