"Charity apprentice": ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí owó olóògbé gbé dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá

Tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria, ìyẹn láti 1837 tó gorí ìtẹ́ títí dé 1901 tó wàjà, ẹ lè bá a níbẹ̀ pé ọmọ kan wà tí bàbá ẹ̀ ti kú, tí ìyá ẹ̀ ń fọṣọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n lè rí jẹ, tí wọ́n wá fi ṣe "charity apprentice" lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe bàtà. Ẹlòmíì á ka èyí, á ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ẹlòmíì á ní ẹrú ni wọ́n fi í ṣe. Rárá o. Ọmọ iṣẹ́ ni, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gẹ́gẹ́ bá a ṣe mọ̀ ọ́n, àmọ́ owó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kì í ṣe owó ìyá ẹ̀, owó ẹnì kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ owó yẹn, torí òun ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Nígbà yẹn ọ̀gá tó bá mọṣẹ́ dáadáa kì í gba ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ọ̀gá lọmọ á máa gbé, ibẹ̀ lá ti máa jẹun, ibẹ̀ lá máa sùn, ọdún kan ọdún méjì àkọ́kọ́ sì rèé, ohun tó máa bà jẹ́ á pọ̀ ju iṣẹ́ tó máa ṣe lọ, á gé igi kọjá ibi tó yẹ, á fi awọ ṣòfò. Ìyẹn lọ̀gá ṣe ń gba owó kan kó tó fọwọ́ síwèé, premium ni wọ́n ń pè é, ẹ jẹ́ ká máa pè é lówó ìkọ́ṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ṣe lówó lórí tó ni owó ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀ ṣe ń wọ́n tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun di lọ́yà lè san ju £100 lọ, àmọ́ iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ bàtà, iṣẹ́ káfíńtà, £5 sí £20 ló sábà máa ń wà. Ẹ lè ní £10 ò pọ̀. Ó pọ̀ o! Ní nǹkan bí 1850, lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ oko ń gba bíi ṣílè 10 lọ́sẹ̀, ṣílè 20 ló sì wà nínú pọ́ùn kan, torí náà £10 jẹ́ owó iṣẹ́ 20 ọ̀sẹ̀ tí ò ní jẹ tí ò ní mu nínú ẹ̀. Níbo ni opó tó ń fọṣọ ti fẹ́ rí i?

Ibẹ̀ ni owó àwọn olóògbé ti wọlé. Láti ayé àtijọ́, kó tó di pé wọ́n bí Victoria rárá, àwọn oníṣòwò àtàwọn onílẹ̀ tó lówó lọ́wọ́ ti ń kọ ọ́ sínú wíìlì wọn pé ilẹ̀ báyìí, owó tí wọ́n bá ń rí lórí ẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n máa fi fi ọmọ aláìní sẹ́nu iṣẹ́. Pásítọ̀ àtàwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló sábà máa ń bójú tó o. Ẹlòmíì á ní ọmọkùnrin nìkan, ẹlòmíì á ní ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò òun nìkan. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n bójú tó dáadáa, torí láti 1818 lọ sí 1837 ìjọba ní kí wọ́n máa lọ yẹ àwọn charity wọ̀nyí, ìyẹn owó àánú táwọn olóògbé fi sílẹ̀, wò káàkiri, wọ́n bá ibi tí owó ti sọnù tàbí tó ti bá ibòmíì lọ, nígbà tó sì di 1853 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀, Charity Commission, kó máa ṣọ́ wọn.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń pò pọ̀ mọ́ ọn ni "parish apprentice", mo sì fẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa, torí ìyàtọ̀ ńlá ni. Òfin kan ti wà láti 1601 tó fún àwọn alábòójútó páríìṣì, ìyẹn àdúgbò tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, lágbára láti mú ọmọ aláìní kí wọ́n fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́, wọ́n tiẹ̀ lè fipá mú onílé kan pé dandan ni kó gba ọmọ náà, ọdún 1844 ni wọ́n tó fòpin sí tipátipá yẹn. Ẹ wá wo bí ọgbọ́n burúkú ṣe wọ̀ ọ́: òfin ní páríìṣì tí ọmọ bá ti ń kọ́ṣẹ́, tó bá ti sùn níbẹ̀ fún 40 ọjọ́, ó ti di ará ibẹ̀ nìyẹn, àwọn ará ibẹ̀ ni yóò sì máa bọ́ ọ tí ìyà bá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Kí làwọn alábòójútó ṣe? Wọ́n ń wá ọ̀gá tó jìnnà! Wọ́n ń kó àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù lọ sílé iṣẹ́ òwú ní àríwá, débi tí ìjọba fi ṣòfin ní 1816 pé ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ò gbọ́dọ̀ kọjá máìlì 40. Páríìṣì fẹ́ kí ọmọ kúrò lọ́rùn òun ni. Ní ti charity, ìyá tàbí bàbá ọmọ ló sábà máa ń wá tọrọ ẹ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n á béèrè irú iṣẹ́ tọ́mọ fẹ́, wọ́n á wo irú ẹni tí ọ̀gá jẹ́.

Èmi rò pé ohun tó máa ń fi iṣẹ́ burúkú hàn ni ibi tí owó ń gbà lọ. Iṣẹ́ gidi, òbí ló ń sanwó fún ọ̀gá. Àmọ́ àwọn tó ń gbá ṣímínì, ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde lórí òrùlé, ọ̀gá ibẹ̀ lè fún òbí lówó kó lè rí ọmọ kékeré tí ara ẹ̀ máa gba inú ihò. Ní 1875, ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ George Brewster há sínú irú ihò bẹ́ẹ̀ ní Fulbourn lẹ́bàá Cambridge, ó sì kú, ikú ẹ̀ ló jẹ́ kí òfin tó le jáde lọ́dún yẹn gan-an, bẹ́ẹ̀ òfin tó ní kí wọ́n má rán ọmọdé gùn ún ti wà láti 1840, wọn ò kàn tẹ̀ lé e ni.

Ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí ń jẹ́ indenture, inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí eyín lorúkọ yẹn ti wá. Orí pépà kan náà ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà sí lẹ́ẹ̀mejì láyé àtijọ́, wọ́n á wá gé e láàárín wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn, ọ̀gá á mú apá kan, ará ọmọ á mú ìkejì, tí ìjà bá dé wọ́n á to méjèèjì pọ̀ bóyá eyín wọn á bára mu. Ọdún méje ló sábà máa ń jẹ́. Ọmọ ò gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́, kò gbọ́dọ̀ lọ sílé ọtí, kò gbọ́dọ̀ gbéyàwó kí ọdún ẹ̀ tó pé, kò sì gbọ́dọ̀ tú àṣírí ọ̀gá ẹ̀. Ọ̀gá náà á kọ́ ọ níṣẹ́ láì fi nǹkan kan pa mọ́, á fún un lóúnjẹ, aṣọ àti ibùsùn. Ẹni tó bá ti rí agírímẹ́ǹtì tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ nílé máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ charity kì í san owó yẹn tán lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé, ìdajì yòókù lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, tí wọ́n bá rí i pé ọmọ ṣì wà níbẹ̀, pé ara ẹ̀ le. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, torí ọ̀gá burúkú wà tó jẹ́ pé owó yẹn nìkan ló ń wá, tó bá ti wọ àpò ẹ̀ tán á bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ ọmọ kó lè sá lọ fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn tí ìdajì kejì bá ti jáde ńkọ́? Ibẹ̀ ló kù sí o. Ní 1850, ọmọbìnrin kan tó ti inú ilé àwọn aláìní, workhouse, lọ ṣọmọ ọ̀dọ̀ nílé lọ́yà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ebi àti lílù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ariwo ẹ̀ gba ìlú kan. Òfin 1851 wá ní kí wọ́n máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí kò tíì pé 16 tí wọ́n bá mú láti workhouse sílẹ̀, kí ẹnì kan sì máa lọ wò wọ́n ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Àwọn ọmọbìnrin ò rí owó yìí gbà tó àwọn ọmọkùnrin. Iṣẹ́ aṣọ rírán tàbí fìlà obìnrin ni wọ́n máa ń fi wọ́n sí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn iṣẹ́ ilé ni, tí kò sì sí iṣẹ́ ọwọ́ kankan tí wọ́n máa gbé jáde níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá náà o. Àwọn ọmọ tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì já sí Freetown, òfin 1807 gbà kí wọ́n fi wọ́n ṣe "apprentice" fún ọdún tó lè tó 14, ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé iṣẹ́ lásán ni wọ́n ń ṣe fún olówó wọn. Ọmọ Òṣogùn kan wà lára àwọn tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1822, Àjàyí, tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, òun bọ́ sọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n sì kọ́ ọ níwèé, wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà.

Nígbà tí ẹ̀rọ gbòde ní Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ ńlá gba iṣẹ́ bàtà àti aṣọ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá kéékèèké, ọmọ iṣẹ́ ò gbé nílé ọ̀gá mọ́, wọ́n ti ń fún un ní owó díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀, owó ìkọ́ṣẹ́ ò wá nítumọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Òfin 1869 lórí owó ilé ìwé jẹ́ kí wọ́n lè yí ọ̀pọ̀ nínú owó àwọn olóògbé yẹn sí sìkọ́láṣíìpù. Àwọn kan ṣì wà títí dòní. Ọmọ tó bá ń kọ́ iṣẹ́ iná tàbí iṣẹ́ káfíńtà nírú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lè kọ̀wé sí wọn, wọ́n á bá a ra irinṣẹ́.