Òwú ni ológbò kọ́kọ́ fi ṣeré, àwa ará Òṣogbo la sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀

Gbogbo ẹni tó bá sin ológbò rí ló mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan olówó gọbọi ni wọ́n fi ń ṣeré. Ìdérí mínírà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ń dún, kóró agbálùmọ̀, páálí Indomie tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó nǹkan inú ẹ̀ tán, okùn bàtà onílé, gbogbo ẹ̀ ni ológbò máa ń sọ di tiẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bèèrè pé èwo ló kọ́kọ́ wà nínú gbogbo ẹ̀, ibo leré yìí ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan á ní Íjíbítì ni, àwọn kan á ní òyìnbó tó ń ta nǹkan ìṣeré ní ṣọ́ọ̀bù ló dá a sílẹ̀. Èmi ò gba ti ìkankan. Òwú ni. Ibi yòówù tí obìnrin bá ti jókòó tó ń ran òwú, tí ológbò sì wà nítòsí, ibẹ̀ leré ti bẹ̀rẹ̀, tó bá sì ti di ọ̀rọ̀ òwú àti aró, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ délẹ̀ kó yọ Òṣogbo sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ológbò fúnra ẹ̀. Inú ológbò igbó kan tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Felis lybica ni ológbò ilé ti jáde wá. Lọ́dún 2007 àwọn olùwádìí yẹ DNA ológbò tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan wò, wọ́n ní agbègbè Ìráàkì, Síríà àti Tọ́kì lọ̀nà ti là, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti tètè dáko ọkà, ọkà pọ̀ nínú àká, eku dé, ológbò tẹ̀ lé eku wọlé. Ní erékùṣù Cyprus, wọ́n hú egungun ológbò kan tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn, 2004 ni ìròyìn ẹ̀ jáde, ológbò ò sì sí ní erékùṣù yẹn tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé e débẹ̀. Ẹni tó gbé ẹran sọdá òkun, tí wọ́n tún wá sin ẹran yẹn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé ẹ máa sọ fún mi pé kò bá a ṣeré rí? Kí ló máa wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó máa fi bá a ṣeré nígbà yẹn? Kò sí rọ́bà, kò sí ọ̀rá, kò sí páálí. Okùn wà. Lọ́dún 2020 wọ́n kéde pé wọ́n rí okùn lílọ́ kan lábẹ́ àpáta nílẹ̀ Faransé tó ti lé ní 40,000 ọdún, àwọn Neanderthal, irú èèyàn àtijọ́ kan tí kò sí mọ́, ló lọ́ ọ. Ìyẹn ni pé okùn ti wà nínú ilé tipẹ́tipẹ́ kí ológbò tó wọlé wá bá a, mi ò sì rí bí àwọn méjèèjì ṣe máa wà nínú ilé kan náà tí wọn ò ní pàdé.

Àwọn tó ń pariwo Íjíbítì, àwòrán ibojì Nebamun tó wà ní British Museum ni wọ́n máa ń gbé síta, níbi tí ológbò ti ń mú ẹyẹ. Iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe eré. Èyí tó jẹ́ eré gan-an wà nínú ibojì Ipuy, ẹni ayé Fáráò Ramesses Kejì, wọ́n ya ọmọ ológbò sórí itan bàbá náà, ó fi èékánná há apá aṣọ ẹ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni. Òwú ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi hun ún. Ẹ̀rí tiwọn fúnra wọn ti wá dúró tì mí.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tó fi jẹ́ òwú, ṣé kò lè jẹ́ òkúta tàbí igi ni? Ẹ wo bí ológbò ṣe ń ṣeré. Ọmọ ológbò á kọ́kọ́ máa bá àwọn ọmọ ìyá ẹ̀ jìjàkadì, tó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ méje sí mẹ́jọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dojú kọ nǹkan ilẹ̀. Á ba mọ́lẹ̀, á mi ìdí, á fò mọ́ ọn, á gbá a mú, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta á nítàtakuta. Ọdẹ ló ń ṣe. Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1998 pé tí ebi bá ń pa ológbò, ńṣe leré ẹ̀ tún máa ń le sí i, èyí tó fi hàn pé eré àti ọdẹ ò jìnnà síra nínú orí ẹ̀. Ohun tó bá sún mọ́ imú ẹ̀ tán kò rí i dáadáa, irun gígùn ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó bá ń sá lọ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń wọ́ nílẹ̀, tó yọjú tó tún farapamọ́, kò lè mójú kúrò lára ẹ̀. Òkúta kì í wọ́ nílẹ̀. Òwú máa ń wọ́.

Ẹ wá wo ìrànwú. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n á fi amọ̀ sí i nísàlẹ̀ kó lè wúwo díẹ̀, obìnrin á fọwọ́ kan ta á kó máa yí bírí-bírí, ọwọ́ kejì á máa fa òwú gbígbọ̀n jáde, òwú á máa gùn sí i, á máa wé mọ́ igi. Nǹkan kan ń yí nílẹ̀, okùn kan ń gbọ̀n lókè ẹ̀, ológbò wà níkọ̀rọ̀. Ṣé ó tún yẹ kí n máa ṣàlàyé? Wọ́n sì nídìí tí wọ́n fi máa fẹ́ ológbò nítòsí, torí kóró òwú lọ́ràá nínú, eku fẹ́ràn ẹ̀, ibi tí òwú bá sì pọ̀ sí ni eku máa ń tẹ́ ìtẹ́ ẹ̀ sí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, ológìnní kúrò nílé, ilé dilé èkúté. Èrò tèmi ni pé obìnrin tó ń ran òwú nílò ológbò ju àgbẹ̀ lọ, torí àgbẹ̀ lè gbé iṣu ẹ̀ kọ́ sókè nínú abà, ṣùgbọ́n òwú tí eku bá ti gé ti bà jẹ́ nìyẹn.

Báwo ni ológbò ṣe wá dé ọ̀dọ̀ wa? Tèmi ni pé ọ̀nà òkè ló gbà, pẹ̀lú àwọn oníṣòwò tó ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá pẹ̀lú iyọ̀ àti aṣọ, tí wọ́n ń wá ra obì, nítorí ẹrù ọkà àti ẹrù aṣọ, eku wà nínú méjèèjì. Òwú náà sì ti wà lójú ọ̀nà yẹn tipẹ́. Nínú ihò àpáta Bandiagara ní Málì, wọ́n bá àkísà aṣọ òwú àwọn Tellem, ará ìgbàanì ibẹ̀, tó ti wà láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan sẹ́yìn. Tí òwú bá ti tó báyẹn ní Málì, mo gbà pé kò pẹ́ tó fi tàn kan àwọn ìyá wa, ológbò sì bá òwú rìn, òwú bá ológbò rìn, wọ́n jọ wọ ilẹ̀ Yorùbá ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan nílẹ̀ wa kì í fẹ́ rí ológbò, pàápàá dúdú, wọ́n á ní àjẹ́ ló ni ín. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba, ẹ lọ sídìí àwọn tó ń ta èlùbọ́ àti gààrí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á lé ológbò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé Òṣogbo ló wá dùn. Ìtàn tá a bá nílẹ̀ ni pé nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́yìn ọdẹ kó àwọn èèyàn wọn wá sétí odò, igi kan tí wọ́n gé wó sínú omi, ohùn kan sì jáde látinú odò pé, “Oṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán.” Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti jáde. Ẹ kíyè sí ohun tó fọ́ o. Kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀, kì í ṣe àmù, ìkòkò aró ni. Kí ìlú tó tẹ̀dó ni Yèyé Ọ̀ṣun ti ń pa aró nísàlẹ̀ odò. Ibi tí aró bá sì wà, òwú gbọ́dọ̀ wà, kí la fẹ́ rẹ sínú aró bí kò ṣe òwú àti aṣọ? Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005, ìtàn ìkòkò aró yìí wà nínú ohun tó gbé e dúró.

Ẹ ro bí agbo ilé aláró ṣe máa rí láyé ìgbà yẹn. Wọ́n gún ewé èlú, wọ́n ṣù ú, wọ́n sá a, eérú wà nílẹ̀ tí wọ́n ń sẹ́ omi ẹ̀, òwú tí wọ́n ti rẹ nínú aró ni wọ́n sá sórí okùn, tó ń kán tótó, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ oníko ti ń tú ìko kúrò lára aṣọ, ìko ti wà káàkiri ilẹ̀, gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dún tí nǹkan bá kàn án, etí ológbò sì ń gbọ́ ohùn wíńníwínní tí etí tiwa ò lè gbọ́ láé, torí irú ohùn yẹn ni eku fi ń pe ara wọn. Kò sí ibi eré tó dáa tó ìyẹn fún ológbò láyé. Ohun kan tún wà tí inú mi máa ń dùn sí gan-an: ojú ológbò ò dá pupa mọ̀ dáadáa, pupa máa ń ṣókùnkùn lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rí àwọ̀ aró kedere. Ẹ lè ta òwú pupa sílẹ̀ ní ìlú míì. Ní Òṣogbo, àwọ̀ tí ojú ológbò gbà jù lọ la fi ń rẹ òwú láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun máa ń bá mi jiyàn pé ọmọ ayò ló kọ́kọ́ wà, pé níbi tí àwọn bàbá bá ti ń ta ayò lábẹ́ igi, ológbò máa ń gbá ọmọ ayò kan lọ, tí wọ́n á ka 48, tí kò ní pé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, òótọ́ ni pé ológbò fẹ́ràn nǹkan róbótó tó ń yí. Ṣùgbọ́n ọmọ ayò kan lásán kì í sá padà, tó bá ti wọ abẹ́ àga eré ti parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wọn ò gbé e.

Ti ayé òde òní ò gùn. Kí 1910 tó dé, rélùwéè ti wọ Òṣogbo, ọjà òyìnbó túbọ̀ ya wọ̀lú, òwú orí rílì onígi dé, télọ̀ pọ̀ sí i, rílì tó bá ti tán di ti ọmọdé àti ti ológbò. Lókè òkun, Edward Lowe bẹ̀rẹ̀ sí í ta iyẹ̀pẹ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ológbò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1947, ológbò wá lè wà nínú ilé tọ̀sántòru, ara ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́, ni àwọn èèyàn bá ń ṣe nǹkan ìṣeré tà fún un. Ewé kan wà tí wọ́n ń pè ní catnip, ìdá méjì nínú mẹ́ta ológbò ló ń mú, ìyókù ò tiẹ̀ ní wò ó. Lọ́dún 1995, àwọn ọkùnrin méjì kan, Kevin Amiss àti Martin Abbott, gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀, ní Amẹ́ríkà lórí fífi iná laser mú ológbò ṣe eré ìdárayá. Páálí náà ti di ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí, ní Utrecht nílẹ̀ Netherlands lọ́dún 2014 wọ́n rí i pé ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìtọ́jú ẹran tí wọ́n fún ní páálí tó lè sá pamọ́ sí máa ń tètè fara balẹ̀. Igi tí wọ́n so ìyẹ́ mọ́ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, òwú ló gbé ìyẹ́ yẹn dání.

Torí mo fẹ́ràn òwú ni mo ṣe gbọ́dọ̀ sọ èyí: ẹ má fi òwú tàbí ìko sílẹ̀ fún ológbò láìjókòó tì í. Ahọ́n ẹ̀ ní ẹ̀gún tó kọjú sí ọ̀fun, ohun tó bá ti wọlé ṣòro fún un láti tu, òwú tó bá sì gbé mì lè ká ìfun jọ kó sì gé e. Tẹ́ ẹ bá rí i tí òwú yọ jáde lẹ́nu tàbí nídìí ẹ̀, ẹ má fà á, dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá. Ẹ di etí òwú mú fúnra yín, ẹ wọ́ ọ nílẹ̀, ẹ jẹ́ kó mú un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá ṣe tán kẹ́ ẹ gbé e sínú àpótí. Tó bá jẹ́ laser lẹ̀ ń lò, ẹ fi ẹja díẹ̀ parí ẹ̀, kó lè rí nǹkan kan mú, ẹ má sì tan iná yẹn sí i lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní ìyá àgbà tó ran òwú rí, ní Òṣogbo níbí, ní Ìlobùú, ní Ẹdẹ, ní Ìkìrun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lé ológbò kúrò nídìí ìrànwú, ohun tí wọ́n máa ń sọ sí i, bóyá ó lórúkọ tí wọ́n fún un. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù pẹ̀lú ohùn wọn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.