Ta ló ń ru ẹrù owó orí gan-an? Ìbéèrè láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀

Ọ̀kun o. Òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé: wọ́n ní wọ́n ti dín owó orí tálákà kù, kí ló wá dé tí àpò wa ò wú? Olùkọ́ ń bi mí, àgbẹ̀ kajú ń bi mí, ìyá ọlọ́jà náà ń bi mí. Ìbéèrè wọn jọra, àmọ́ ìdáhùn tó tọ́ sí kálukú yàtọ̀.

Olùkọ́ ni mí ní Kàbbà, ₦150,000 ni owó oṣù mi. Èló ni wọn ó yọ níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi ọdún kan ṣírò rẹ̀. Oṣù méjìlá jẹ́ ₦1,800,000. Òfin tuntun ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ₦800,000 àkọ́kọ́. Èyí tó kù jẹ́ ₦1,000,000, wọn ó sì gba ₦15 nínú ₦100 lórí rẹ̀. Ó di ₦150,000 lọ́dún, tàbí ₦12,500 lóṣù. Owó ìfẹ̀yìntì àti owó ilé lè mú un wálẹ̀ sí i. Màá padà sórí owó ilé nísàlẹ̀.

Òfin àtijọ́ náà ní ìdẹ̀ra tirẹ̀, ìbá sì gba ₦155,600 lọ́wọ́ yín lọ́dún. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò tó ₦500 lóṣù. Ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀ lè jẹ ẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí i nínú àpò yín, kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ. Ẹni tó ń gba ₦100,000 lóṣù ló rí nǹkan díẹ̀: tirẹ̀ ti ₦78,000 lọ́dún wálẹ̀ sí ₦60,000. Ẹni tí kò sì gbà ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, ₦70,000, kò ní san rárá.

Àwọn olówó ńkọ́? Ṣé àwọn náà ń san án?

Bí wọ́n bá sọ òótọ́ nípa ohun tó ń wọlé fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni. Ìpele ìpele ni òfin náà: ₦15, ₦18, ₦21, ₦23, títí dé ₦25 nínú ₦100 lórí owó tó bá kọjá mílíọ̀nù 50 lọ́dún. Ẹni tó ń gba mílíọ̀nù 5 lóṣù yóò san mílíọ̀nù 12.93 lọ́dún, ó lé ní ₦21 nínú ₦100 tó ń wọlé fún un. Ti olùkọ́ wa òkè yìí lé díẹ̀ ní ₦8. Bí wọ́n ṣe ń fi owó orí dín àlàfo láàárín olówó àti tálákà kù nìyẹn, lórí ìwé. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń gba ọwọ́ ìjọba tàbí iléeṣẹ́ ńlá kọjá ò ríbi sá sí. Oníṣòwò tí kò kọ ohun tó ń tà sílẹ̀ ríbi sá sí dáadáa.

Èmi ò gba owó oṣù, ọjà ni mò ń tà. Kí ló kàn mí nínú owó orí?

Ìyá mi, ẹ ń san án lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ra káàdì ìpè, VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ra ọṣẹ, ó wà níbẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. ₦5 ni wọ́n ń gbà nínú ₦100 tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2020 ó di ₦7.50, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Iṣu, gààrí àti ẹ̀wà tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti oko kò sí nínú rẹ̀, ìyẹn dára.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa VAT ni pé ojú kan náà ló fi ń wo gbogbo èèyàn. Ká ní ₦60,000 ló ń wọlé fún yín lóṣù, tí ẹ sì ń ra ohun tó ní VAT ní ₦40,000. VAT tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ₦3,000, ìyẹn ₦5 nínú gbogbo ₦100 yín. Ọ̀gá tó ń gba mílíọ̀nù 5 lè ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ₦400,000, kó san ₦30,000. Owó tirẹ̀ pọ̀ ju tiyín lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò tó ₦1 nínú ₦100 tó ń wọlé fún un. Ó fi ìyókù pamọ́, tàbí ó fi ra ilẹ̀. Ẹ̀yin ò rí ohun tí ẹ ó fi pamọ́.

Oko kajú ni mo ní ní Ìjùmú, n ò tíì rí òṣìṣẹ́ owó orí rí. Àwọn tó ń kó ọjà lọ sí Èkó ni wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún lójú ọ̀nà. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ó kàn yín jù wọ́n lọ, bàbá. Ibí yìí ló ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ là á.

Àwa kọ́ la ń sọ iye tí kajú jẹ́. Àwọn tó ń fọ́ ọ ní Vietnam àti Íńdíà ló ń sọ ọ́, iye yẹn ló sì ń gba èbúté Èkó wá bá wa. Ká ní, mo fi ṣe àpẹẹrẹ lásán ni, wọ́n fẹ́ san ₦1,500 lórí kílò kan ní èbúté. Alájàpá ṣírò owó mọ́tò, ₦150, ó ṣírò èrè tirẹ̀, ₦150. Ó lè rà á lọ́wọ́ yín ní ₦1,200. Wàyí o, àwọn tó ń na okùn dí ọ̀nà pọ̀ sí i, tíkẹ́ẹ̀tì tibí, tíkẹ́ẹ̀tì tọ̀hún, gbogbo rẹ̀ sì wá di ₦100 lórí kílò kan. Ta ni yóò san án? Ará Vietnam ò ní san án. Kajú wà ní Ivory Coast, ó pọ̀ ju tiwa lọ. Alájàpá náà, bí èrè rẹ̀ bá kéré jù, á fi kajú sílẹ̀, á máa kó iṣu. Ẹ̀yin ńkọ́? Igi yín ti lo ọdún bíi mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, kajú ti já sílẹ̀, òjò sì ti ń ṣú. Ibo lẹ fẹ́ gbé oko lọ?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan alájàpá á dé, á ní, "Bàbá, ọjà ti lọ sílẹ̀ o, ₦1,100 ni mo lè rà á." Ọjà ò lọ síbì kankan. Orúkọ alájàpá ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, inú oko yín ni owó náà ti jáde. Àwọn tó ń bá yín ṣa kajú náà á gbà nínú rẹ̀, torí ẹ ó sọ fún wọn lọ́dún tó ń bọ̀ pé owó iṣẹ́ ò lè kọjá tèṣí. Ẹ wo bí tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà ṣe di owó iṣẹ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Bí mo bá ń ka ìròyìn pé ìjọba kan gbé owó tuntun lé orí "àwọn oníṣòwò", ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyí: ta ni kò ríbi yẹra fún un?

Owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì bíi ti Ọbájáná, ṣé òṣìṣẹ́ ló ń san án?

Apá kan rẹ̀ lè já lé òṣìṣẹ́, kí owó oṣù má lọ sókè bó ṣe yẹ; apá kan lè já lé ẹni tó ń ra sìmẹ́ńtì, àti ẹni tó ni iléeṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọ́n ṣe ń pín in. Ti Ọbájáná ní ohun kan nínú: òkúta tí wọ́n ń wà níbẹ̀ ò ṣe é kó lọ sí ìlú tí owó orí ti rọjú. Ní tèmi, ìyẹn mú kí ọwọ́ ìjọba le díẹ̀ ju bó ṣe máa rí lára ilé ìfowópamọ́ tó lè kẹ́rù rẹ̀ lọ.

Wọ́n fi kún owó oṣù wa. Ṣé ìyẹn ò dí àlàfo láàárín olówó àti tálákà?

Ní 2019, ₦30,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ. Ní oṣù keje ọdún 2024 ó di ₦70,000, ìjọba Kogi sì sọ tirẹ̀ di ₦72,500. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, àbí? Ẹ ṣẹ́ ẹ sí dọ́là: ₦30,000 ti 2019 lé ní dọ́là 80, ₦70,000 ti 2024 ò tó dọ́là 50. Láàárín méjèèjì ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ní May 2023, tí jálá epo tí kò tó ₦200 fò sókè dé bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù keje 2024 yẹn kan náà, ohun tí a ń fi ₦100 rà lọ́dún tó ṣáájú ti lé ní ₦133. Owó orí tí kò ní rìsíìtì ni ọ̀wọ́n gógó ọjà.

Òfin yẹn kò sì kan iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ẹ ka iye olùkọ́ tó wà ní iléèwé aládàáni tó wà ládùúgbò yín, ẹ ó mọ ìdí tí owó oṣù wọn fi wà níbi tó wà.

Bí wọ́n bá gba owó orí púpọ̀ lọ́wọ́ olówó, ṣé àlàfo á dí?

Gbígbà nìkan ò tó. Ní Denmark, ó ju ₦40 lọ nínú ₦100 ọrọ̀ ìlú tó ń gba ọwọ́ ìjọba kọjá. Inú iléèwé, ilé ìwòsàn àti owó ìtọ́jú arúgbó ló ń padà sí. Àwọn baba ńlá wa mọ owó gbígbà láìsí ìpadà: ní ayé ogun Nupe, owó ẹyọ àti ọmọ èèyàn ló ń ti ilẹ̀ Okun lọ sí Bida, títí dìgbà tí iléeṣẹ́ òyìnbó tó ń jẹ́ Royal Niger Company lé àwọn Nupe kúrò ní Kàbbà ní 1897. (Àwọn tó lé wọn náà kò pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn.)

Lábẹ́ òfin tuntun, nínú ₦100 VAT, ₦10 ni ti ìjọba àpapọ̀, ₦55 ti àwọn ìpínlẹ̀, ₦35 ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Kàbbà-Búnú, Ìjùmú, Mòpàmúrò àti Yàgbà méjèèjì ní tiwọn nínú ₦35 yẹn. VAT inú káàdì ìpè ìyá ọlọ́jà wà níbẹ̀. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ káńsílọ̀ yín ohun tí wọ́n fi ṣe.

Ẹ ní ẹ máa padà sórí owó ilé.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń gbé ilé onílé lè yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé ọdún kan kúrò nínú owó tí wọ́n máa gbowó orí lé, àmọ́ ohun tó máa yọ kò gbọ́dọ̀ kọjá ₦500,000. Olùkọ́ wa tó ń san ₦200,000 yóò yọ ₦40,000, owó orí rẹ̀ á sì di ₦144,000. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn onílé wa ní Kàbbà kì í fẹ́ kọ ọ́. Ìdí wà níbẹ̀: rìsíìtì tó dín owó orí yín kù, òun náà ló máa fi owó tó ń wọlé fún wọn han ìjọba. Bí onílé yín bá kọ̀ ọ́ pátápátá, tẹlifóònù ni kí ẹ máa fi san owó ilé sínú àkáǹtì rẹ̀, kí báǹkì bá yín kọ ọ́.