Báálù Tó Wà Lórí Ìwé àti Èyí Tó Lè Fò: Bí Ohun Ìjà Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Àwọn Ológun Áfíríkà

Gbogbo ìgbà làwọn èèyàn máa ń fi àwọn ológun Áfíríkà wéra, Íjíbítì ní táǹkì tó tó báyìí, Àlgéríà ní báálù tó tó báyìí, Nàìjíríà ńkọ́, Gúúsù Áfíríkà ńkọ́. Wọ́n á ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bíi pé ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa borí. Àmọ́ iye tó wà lórí ìwé yàtọ̀ gan-an sí iye tó lè gbéra tílẹ̀ ọ̀la bá mọ́, ohun tó sì wà láàárín méjèèjì ni àṣẹ ẹni tó tà á, owó páàtì, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe àtàwọn tó mọ̀ ọ́n lò. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí wọ́n ṣe ń rà á. Ohun ìjà ńlá kì í ṣe ọjà téèyàn máa gbé owó lọ kó sì gbé ẹrù bọ̀. Ẹ́àfọ́ọ̀sì tàbí nèfì á kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n nílò, ìjọba á wá owó, wọ́n á wá ẹni tó máa tà á, ìjọba orílẹ̀-èdè tí ilé iṣẹ́ náà wà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ohunkóhun tó jáde níbẹ̀. Wọ́n tún máa ní kí ẹni tó ń rà á tọwọ́ bọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní end-user certificate, ìwé yẹn ló ń sọ pé ọwọ́ ológun orílẹ̀-èdè báyìí ni ẹrù náà ń lọ, pé wọn ò ní tà á fún ẹlòmíì, wọn ò sì ní fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ láìgbàṣẹ. Ní Nàìjíríà, ọ́fíìsì National Security Adviser ló ń fúnni níwèé yẹn. Tó bá tún jẹ́ ìbọn kékeré àti ọta ẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti jọ ṣe àdéhùn lọ́dún 2006 pé ẹnikẹ́ni ò ní kó o wọlé àfi tí ECOWAS bá yọ̀ǹda.

Ẹ wo Super Tucano Nàìjíríà, torí gbogbo ìrìn yẹn hàn kedere lára ẹ̀. Báálù ogun kékeré oní-pòpélà ni, Embraer ti Bùràsílì ló ṣẹ̀dá ẹ̀, àwọn àti Sierra Nevada Corporation sì jọ ń tò ó pọ̀ ní Florida. Ìjọba Obama ti fẹ́ tà á, àfi bó ṣe di January 2017 tí báálù ẹ́àfọ́ọ̀sì Nàìjíríà lọ ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tógun lé kúrò nílé ní Rann, ní Borno, ó kéré tán èèyàn 90 ló kú, bí wọ́n ṣe so ọ̀rọ̀ náà rọ̀ nìyẹn. Oṣù August ọdún yẹn ni ìjọba Trump tún gbé e dìde, wọ́n kọ̀wé sí Congress, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, pé àwọn fẹ́ ta 12 fún Nàìjíríà, owó tó sì wà nínú ìwé yẹn jẹ́ $593 mílíọ̀nù. Ó di July 2021 kí mẹ́fà àkọ́kọ́ tó balẹ̀ sí Kano.

Ọ̀pọ̀ ló pín owó yẹn sọ́nà 12, wọ́n wá pariwo pé irú báálù kékeré wo ló wọ́n tó báyẹn. Owó báálù nìkan kọ́. Bọ́ǹbù àti rọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, páàtì wà níbẹ̀, owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn páílọ́ọ̀tì àti mẹ́káníìkì tí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ ní Moody Air Force Base ní Georgia wà níbẹ̀, wọ́n tún kọ́lé fún báálù náà ní Kainji. Irú ètò yìí, ìjọba Amẹ́ríkà lẹ ń sanwó fún, àwọn ni wọ́n máa bá ilé iṣẹ́ ṣe kọ́ńtíráàtì. Ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń dun àwọn tó ń jagun lọ́wọ́ pé kò yá, àmọ́ orílẹ̀-èdè tó bá ra báálù láìra àwọn nǹkan tó kù yẹn mọ́ ọn, irin lásán ló rà.

Tí ọ̀nà yẹn bá wá dí ńkọ́? Lọ́dún 2014, nígbà tógun Boko Haram le gan-an, Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí Ísírẹ́lì ta hẹlikópítà Cobra fún Nàìjíríà, torí pé Amẹ́ríkà ló ṣe é, àṣẹ ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Oṣù September ọdún yẹn kan náà ni báálù kékeré kan balẹ̀ sí Lanseria nítòsí Johannesburg, wọ́n bá $9.3 mílíọ̀nù owó kéèṣì nínú ẹ̀, Gúúsù Áfíríkà gbẹ́sẹ̀ lé e, ìjọba Nàìjíríà sì sọ pé ohun ìjà làwọn fẹ́ fi rà. Tí èèyàn bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló lè gbé ìjọba dé ibi tó ti máa fi àpótí kó dọ́là gba pápákọ̀ òfurufú, ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì yẹn wà nínú ohun tó fà á.

Àṣẹ yìí kì í sì í ṣe ti ẹni tó ta gbogbo ẹ̀ nìkan o. Jẹ́ẹ̀tì ogun JF-17 mẹ́ta tí Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ Pàkísítáànì lọ́dún 2021, Pàkísítáànì àti Ṣáínà ló jọ ń ṣe é, àmọ́ Rọ́ṣíà ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ìyẹn ni pé ìjà tó bá ṣẹlẹ̀ sí Rọ́ṣíà lè kan báálù tó wà ní Makurdi. Bákan náà ni TB2 ti Tọ́kì, ìyẹn dírónù, báálù tí kò sí páílọ́ọ̀tì nínú ẹ̀, Kánádà ló ń ṣe kámẹ́rà tí wọ́n ń lò sí i tẹ́lẹ̀, nígbà tí Kánádà ní òun ò tà mọ́ lọ́dún 2020, Tọ́kì ní láti lo ti ara wọn.

Ẹni tó bá mọ ọjà á yẹ ẹrù wò kó tó gbà á. Àlgéríà ra jẹ́ẹ̀tì ogun MiG-29 lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, wọ́n ti kó 15 dé kí wọ́n tó rí i pé páàtì àtijọ́ wà lára àwọn báálù tí wọ́n ní tuntun ni, lọ́dún 2008 wọ́n kó gbogbo ẹ̀ padà, Rọ́ṣíà sì gbà á, ẹ́àfọ́ọ̀sì Rọ́ṣíà fúnra ẹ̀ ló padà ń lò ó. Kì í ṣe pé tòkúnbọ̀ burú o, tí wọn ò bá ti fi orúkọ tuntun tà á. Àǹgólà mọ̀ pé Íńdíà ti kọ́kọ́ lo jẹ́ẹ̀tì ogun Su-30K 12 tí òun rà, wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó kó o wá. Ọkọ̀ ojú omi NNS Thunder tí nèfì Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà lọ́dún 2011, ọdún 1968 ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun wọn, síbẹ̀ ó wa ara ẹ̀ dé Sydney ní Ọsirélíà lọ́dún 2013. Íjíbítì náà ra ọkọ̀ ojú omi Mistral méjì lọ́wọ́ Faransé lọ́dún 2015, Rọ́ṣíà ni wọ́n kàn án fún, nígbà tí Rọ́ṣíà gba Crimea mọ́ Ukraine lọ́wọ́ ni Faransé kọ̀ tí wọn ò gbé e fún wọn mọ́.

Ohun ìjà náà ti dé báyìí, ibi tó le gan-an ló kù. Nínú jẹ́ẹ̀tì ogun, àga tí páílọ́ọ̀tì ń jókòó lé ní ẹ̀tù lábẹ́, ẹ̀tù yẹn ló máa ju òun àti àga síta tí báálù bá fẹ́ já. Ẹ̀tù yẹn ní ọjọ́ tí agbára ẹ̀ máa parí, tó bá ti kọjá, báálù ò gbọdọ̀ gbéra, bó tiẹ̀ jẹ́ pé gbogbo nǹkan yòókù ń dán yinrin. Ẹ́ńjìnnì náà ní wákàtí tí wọ́n kà fún un, tó bá ti pé, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n tú u palẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n máa gbé e lọ. Táyà, ọ́ìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, bátìrì, kò sí èyí tó ń dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì. Tí páàtì ò bá wá, àwọn mẹ́káníìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ tara èyí tó wà nílẹ̀ láti fi tún èyí tó ń fò ṣe, tó bá yá, èyí tó wà nílẹ̀ ò ní lè dìde mọ́ láé, àmọ́ wọ́n ṣì máa kà á mọ́ iye tí wọ́n ní.

Gúúsù Áfíríkà ra jẹ́ẹ̀tì ogun Gripen 26 lọ́wọ́ Saab ti Sweden, látinú àdéhùn ńlá tí wọ́n ṣe lọ́dún 1999. Ọ̀tá kankan ò yìn wọ́n níbọn. Lọ́dún 2021 ni kọ́ńtíráàtì àtúnṣe wọn parí, owó ò sí láti ṣe òmíì, gbogbo ẹ̀ bá wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. Nàìjíríà náà ti rí irú ẹ̀, jẹ́ẹ̀tì ogun Jaguar 18 tí wọ́n rà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láwọn ọdún 1980, ọdún 1991 ni wọ́n gbé e tì torí owó. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro láti lóye: lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, owó oṣù ṣọ́jà ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó ológun, kò sì sí ìjọba tó fẹ́ fi owó oṣù ṣọ́jà ṣeré, torí náà páàtì ni wọ́n máa ń gé.

Èyí ló jẹ́ kó yẹ kéèyàn máa rántí ogun Ṣáàdì àti Líbíyà lọ́dún 1987. Líbíyà ní táǹkì, ó ní báálù, ó ní owó epo. Ohun tí àwọn ọmọ ogun Hissène Habré, ààrẹ Ṣáàdì nígbà yẹn, ní ni Toyota tí wọ́n gbé MILAN lé lẹ́yìn, ìyẹn mísáìlì Faransé tó ń ba táǹkì jẹ́. Toyota yẹn yára nínú iyanrìn, kò wúwo, mẹ́káníìkì èyíkéyìí ló lè tún un ṣe, epo tó ń mu ò tó ti táǹkì. Ní Fada ní January, ní Ouadi Doum ní March, àríwá Ṣáàdì ni méjèèjì wà, wọ́n lé Líbíyà, wọ́n sì kó ohun ìjà tí Líbíyà fi sílẹ̀. Títí dòní, látòkè Áfíríkà dé ìsàlẹ̀, Toyota tó gbé ìbọn sẹ́yìn wà níbi gbogbo, lọ́wọ́ ìjọba àti lọ́wọ́ àwọn tó ń bá ìjọba jà.

Dírónù ló wá gba ipò yẹn báyìí. TB2 ò ju mítà 12 lọ láti apá kan dé apá kejì, ó lè wà lókè fún wákàtí 27, bọ́ǹbù kéékèèké mẹ́rin ló ń gbé, àwọn tó ń darí ẹ̀ sì wà nílẹ̀ nínú yàrá kan tí wọ́n gbé sórí ọkọ̀. Kò sí páílọ́ọ̀tì tó máa kú, kò sí àga ẹlẹ́tù, owó ẹ̀ ò sì tó ti jẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹtiópíà, Nìjẹ̀r, Tógò, Mali, Burkina Faso, Mòrókò, gbogbo wọn ló ti rà á. Ibi tó kù sí ni pé ẹ́ńtẹ́nà tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí i, tó bá ti jìnnà kọjá nǹkan bíi kìlómítà 300 tàbí tí òkè bá dí i, ìsọfúnni ò ní dé mọ́, dírónù Akinci ti Tọ́kì tó tóbi jù ú lọ sì ń gba sátẹ́láìtì. Àwọn tó bá tún ní ohun ìjà tó ń já báálù lè já a, bí Àlgéríà ṣe já Akinci ti Mali nítòsí Tinzaouaten níbẹ̀rẹ̀ April 2025, tí Mali, Nìjẹ̀r àti Burkina Faso sì pe àwọn aṣojú wọn padà wálé.

Àmọ́ kámẹ́rà ò mọ ẹni tó ń wò. Ní December 2023, dírónù ṣọ́jà Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sáàárín àwọn tó ń ṣe Màólúdì ní Tudun Biri, ní Kaduna, èèyàn 85 ni NEMA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àjálù, kà pé wọ́n sin. Látòkè, èèyàn tó pé jọ jẹ́ èèyàn tó pé jọ ni, ẹni tó máa sọ pé àdúrà ni wọ́n ń ṣe gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ abúlé yẹn, ẹni tó ń darí dírónù sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó tó tẹ bọ́tìnì. Kò sí kọ́ńtíráàtì tó ń ta ìyẹn. Àìsí ẹ̀ ló pa àwọn ará Rann, òun náà ló pa àwọn ará Tudun Biri.

Àwọn tó ń ṣe tiwọn nílé ńkọ́? Gúúsù Áfíríkà ló lọ jìnnà jù, torí pé UN fòfin de títa ohun ìjà fún ìjọba apartheid lọ́dún 1977, Armscor, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba wọn, bá ń ṣe é nílé. Níbẹ̀ ni Casspir ti wá, ọkọ̀ tí abẹ́ ẹ̀ rí bí lẹ́tà V, tí bọ́ǹbù bá bú lábẹ́ ẹ̀, agbára ẹ̀ á yà sọ́tùn-ún àti sósì, kò ní lu àwọn tó wà nínú ẹ̀ tààrà. Gbogbo ayé ló ń ṣe irú ẹ̀ báyìí. Íjíbítì ń to táǹkì Abrams pọ̀ lórílẹ̀-èdè wọn. Nàìjíríà dá DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba, sílẹ̀ ní Kaduna lọ́dún 1964, wọ́n ń ṣe ọta àti ìbọn, ilé iṣẹ́ aládàáni Proforce náà sì ń ṣe ọkọ̀ oníhámọ́ra ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé tó bá bà jẹ́, ẹni tó ṣe é wà nítòsí.

Kí ohun ìjà tó parí, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀, ibẹ̀ ni wọn kì í sábà sọ. Ẹ̀tù tó ń ti ọta jáde ní èròjà kan nínú tí kì í jẹ́ kó máa gbóná fúnra ẹ̀, ooru máa ń jẹ èròjà yẹn díẹ̀díẹ̀, tó bá tán, ẹ̀tù lè gbiná láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n máa mú díẹ̀ lọ yẹ̀ wò ní lábù, kí wọ́n pín in sí ilé tó jìnnà síra, kí wọ́n mọ òkìtì yẹ̀pẹ̀ sáàárín wọn, kí ilé àwọn èèyàn má sì sún mọ́ ọn. Àmọ́ ìlú máa ń gbòòrò dé bárékè. Ní January 27, 2002, iná mú ilé ìkó-bọ́ǹbù-sí ní Ìkẹjà, ó lé ní 1,000 èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sá kó sínú kánáàlì Òkè-Àfà lóru, àwọn ọmọdé ló pọ̀ níbẹ̀. Ní Brazzaville ní Kóńgò, March 2012, irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ní Bata ní Equatorial Guinea, March 2021, ó tún ṣẹlẹ̀, ó lé ní 100 tó kú. Ọta tó ti gbó, ṣe ló yẹ kí wọ́n kó o lọ síbi tó jìnnà sílé kí wọ́n lọ bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń gba owó, ó ń gba àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ti kọ owó yẹn sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí wọ́n ra ọta náà.