Las Vegas lo lọ àbí Paradise? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àbúrò mi obìnrin lọ ṣèpàdé iṣẹ́ ní Las Vegas, ó lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó dé, ó ń fi fọ́tò hàn mí, mo ní ìwọ yìí, o ò tíì dé Las Vegas o. Ó ní àfi kí n ṣàlàyé ara mi. Bá a ṣe sọ ọ́ rèé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, èmi rèé nídìí pátákó "Welcome to Fabulous Las Vegas", ẹ wá ní mi ò débẹ̀?

Ìdáhùn: Pátákó yẹn gan-an ò sí ní Las Vegas. Ọdún 1959 ni wọ́n gbé e dúró, ó sì fi bíi máìlì 4 jìnnà sí ààlà ìlú. Ibi tó wà, pápákọ̀ òfurufú tó o bọ́ sí, àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ràgàjì orí Strip (òpópónà tó kún fún kàsínò, ìyẹn ilé tẹ́tẹ́), Paradise lorúkọ ibẹ̀. Kò ní méyọ̀ tiẹ̀, Clark County ló ń darí ẹ̀, ká ṣáà pè é ní ìjọba ìbílẹ̀. Las Vegas gangan ń bẹ lápá àríwá, níbi tí Fremont Street wà.

Ìbéèrè: Ta ló wá pín in báyẹn?

Ìdáhùn: Owó orí ni, kí tún ni? Lọ́dún 1941 ẹnì kan kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì El Rancho Vegas sí ẹ̀yìn ààlà ìlú gẹ́rẹ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìlú rí i pé owó ń wọlé lọ́hùn-ún, wọ́n fẹ́ na ààlà dé ọ̀dọ̀ wọn, làwọn oní-kàsínò bá sá tọ County lọ, 1950 ni County sọ ibẹ̀ di Paradise, kí ìlú má lè fọwọ́ kàn án. Bó ṣe di pé ìlú ló lorúkọ nìyẹn, tí ará ẹ̀yìn ìlú ń fi orúkọ náà jẹun.

Ìbéèrè: Ó dáa, kí ló wà ní Fremont yẹn tí mo fẹ́ lọ wò?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ dúró síwájú hòtẹ́ẹ̀lì Plaza, kó o kọ ẹ̀yìn sí i. Stéṣọ̀n rélùwéè ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí rélùwéè ló bí ìlú yìí: ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1905 ni iléeṣẹ́ rélùwéè lu ilẹ̀ ibẹ̀ ní gbàǹjo. Ní igun ọwọ́ ọ̀tún ẹ, Golden Gate nìyẹn, hòtẹ́ẹ̀lì 1906. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé tẹlifóònù àkọ́kọ́ nílùú sí lọ́dún 1907, nọ́ńbà ẹ̀ sì ni 1, ẹyọ kan péré! Nígbà tí Nevada, ìpínlẹ̀ tí Las Vegas wà, fọwọ́ sí tẹ́tẹ́ lọ́dún 1931, obìnrin ló gba láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́, Mayme Stocker, ilé tẹ́tẹ́ ẹ̀ Northern Club ò sì ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ síbẹ̀.

Wàá rí Vegas Vic náà, ère cowboy (darandaran ilẹ̀ Amẹ́ríkà) onírin tó ń tan iná neon, 1951 ni wọ́n gbé e sókè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi òrùlé bo òpópónà, orí ẹ̀ ga jù, wọ́n gé etí fìlà ẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí sha. Òrùlé ọ̀hún, torí pé Strip ti kó oníbàárà lọ tán ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wọ́n lé mọ́tò kúrò, wọ́n ṣí i ní ìparí 1995, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 90, fídíò ló ń ṣàn lábẹ́ ẹ̀ lálẹ́, àwọn èèyàn á so mọ́ wáyà, wọ́n á dojú bolẹ̀, wọ́n á máa fò kọjá lórí ẹ tí wọ́n ń ké.

Ìbéèrè: Àwa dúdú ńkọ́ láyé ọjọ́un?

Ìdáhùn: Wọn ò gbà wá wọlé. Òdì kejì ojú irin, ní Westside, ni wọ́n kó àwọn dúdú sí. Sammy Davis Jr., olórin dúdú tó gbajúmọ̀, á kọrin nínú kàsínò tán, òyìnbó á pàtẹ́wọ́, àmọ́ Westside ló máa lọ sùn. Moulin Rouge ṣí níbẹ̀ lọ́dún 1955, kàsínò àkọ́kọ́ tí dúdú àti funfun ti jọ wọlé, kò sì pé ọdún kan tó fi tì. Ìgbà tó di 1960 tí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, ní àwọn máa wọ́de, inú Moulin Rouge yẹn náà ni wọ́n jókòó sí tí àwọn oní-kàsínò fi gbà láti ṣílẹ̀kùn fún dúdú.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò ní jẹ owó mi tán níbẹ̀?

Ìdáhùn: Kàsínò ni kàsínò. Ṣùgbọ́n ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí aṣọ tábìlì blackjack, tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń fi káàdì ta. Bí wọ́n bá kọ 3:2, tó o fi dọ́là 10 ta tó o ní blackjack, dọ́là 15 ni wọ́n máa fún ẹ. Bó bá jẹ́ 6:5, dọ́là 12 ni. Dìde níbẹ̀ jàre.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa débẹ̀?

Ìdáhùn: Wọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Deuce láti Strip, monorail wọn ò débẹ̀. Bó o bá débẹ̀, yà sí Main Street Station, ègé ògiri Berlin wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Níbo nínú ẹ̀?

Ìdáhùn: Nínú ilé ìtọ̀ ọkùnrin, ara ògiri ọ̀hún ni wọ́n gbé ibi ìtọ̀ kọ́. Mú ọkọ ẹ dání.